Wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ tí n kò wọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ girama ni mí ní Ìkéré-Èkìtì. Ní oṣù kẹta tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni mo tó fara balẹ̀ ka pésílíìpù mi, ni mo bá rí i pé nísàlẹ̀ owó orí, wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́ kan tí n kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ girama nìkan ló wù mí. Àwọn àgbà níyàrá olùkọ́ ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ tuntun, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kì í ṣe oníwàhálà rárá. Abala 40 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àtúnṣe tó bá òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2005 sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́, tàbí kí ó fìyà jẹ ẹni tó kọ̀ tàbí tó jáde.

NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931, kó olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama pọ̀. Ti olùkọ́ girama nìkan ni ASUSS. Lójú tèmi, ọgbọ́n wà nínú kí olùkọ́ girama ní agbẹnusọ tirẹ̀, nítorí pé ní Èkìtì, abẹ́ TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́ girama, ni ó wà, nígbà tí ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè dá owó yẹn dúró. Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ gba òṣìṣẹ́ láyè láti kọ̀wé pé òun yọ ara òun kúrò nínú ètò yíyọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù, bó bá sì ti kọ ọ́, wọn kò gbọdọ̀ yọ owó rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí àjọ tó gbà yín síṣẹ́, kí ó gba ọwọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yín kọjá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà pésílíìpù oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há a. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí akọ̀wé tó gbà á lu òǹtẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ sórí èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Bí fáìlì bá sọnù, èyí nìkan ni ẹ̀rí yín. Bí wọ́n bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà.

Kí ẹ tó fi ìwé náà sílẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà yẹn, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún wọn. Wọ́n ti da iṣẹ́ sílẹ̀ rí nítorí owó oṣù kí ẹ tó dé. Kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé.