Oògùn olóró ni kí a kọ́kọ́ wò ni, àbí orí rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí ní agbègbè Ìsánlú. Ọmọ mi kẹta, ẹni ọdún 24, ń fi ọ̀kadà ná Ìsánlú sí Ẹ̀gbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo tàrámádọ́ọ̀lù kí ó má baà máa rẹ̀ ẹ́, ó sì fi igbó kún un. Láti bí ọdún kan, ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí a kò rí, kì í sùn, ó sì ń sọ pé èmi ni mo fẹ́ pa òun. A gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é fún oṣù méjì. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ó dé tí ó tún fi padà sídìí rẹ̀. Ẹnìkan ní kí a kọ́kọ́ gba oògùn olóró kúrò lára rẹ̀ kí a tó wo orí rẹ̀, ẹlòmíràn ní orí ni kí a kọ́kọ́ wò. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti rí ibì kan tí wọ́n ti ń gba irú wọn sílé fún oṣù mẹ́ta. Ṣé kí a mú un lọ? Ṣé kí n sì ta ọ̀kadà rẹ̀? – Ìyá tí kò rí oorun sùn, Yàgbà.

ÌDÁHÙN: Okun o, ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí a ti ibi tí ó ń dùn yín jù bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ọmọ yín bá ń pariwo pé ẹ fẹ́ pa òun, àìsàn ni ó ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ rò pé ó ti kórìíra yín. Ẹni tí ó sún mọ́ aláìsàn jù ni irú ìfura bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bà.

Àwọn tí ó gbà yín nímọ̀ràn pín ohun tí kò ṣeé pín. Oògùn ìrora ni tàrámádọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà inú ọpọlọ tí ó ń mú ara yá gágá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì fi lè ní ìpayà àti ìfura ní àfikún sí ara ríro, òógùn àti ìgbẹ́ gbuuru, tí àlòjù rẹ̀ sì lè mú ara gbọ̀n bí ti oníwárápá. Igbó ní tirẹ̀ lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, pàápàá bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé, kò sí dókítà tí ó lè wò ó lójú kí ó sọ bóyá igbó ni ó bí ohùn wọ̀nyí tàbí àìsàn ọpọlọ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lo nǹkan kan, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, kí ó tó hàn. Bí a bá gba oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan, tí ohùn náà ṣì ń bá a wí lóru, yóò wá ohun tí ó ń fi pa á lẹ́nu mọ́ lọ. Bí a bá sì ń fún un ní oògùn ọpọlọ nígbà tí ó ṣì ń fa igbó, inú agbọ̀n ni a ń pọnmi sí. Ibi tí dókítà ọpọlọ, nọ́ọ̀sì àti olùdámọ̀ràn lórí oògùn olóró ti jùmọ̀ ń tọ́jú ẹnì kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, ni kí ẹ wá.

Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì àkọ́kọ́, ara ni wọn yóò máa tọ́jú, kí ó lè sùn kí ó sì jẹun; ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìjíròrò ojoojúmọ́ nípa ohun tí ó ń tì í sídìí oògùn náà, àti ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀yin ẹbí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, kí àbúrò bàbá rẹ̀ lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó béèrè ẹni tí dókítà ọpọlọ wọn jẹ́ àti iye ìgbà tí ó ń wá, kí ó sì ní kí wọ́n fi iyàrá tí àwọn aláìsàn ń sùn hàn òun. Bí ó bá rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí ó padà sílé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin àti ọmọdé ni ọlọ́pàá bá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàdúná, tí a de ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ẹ lè fi ọkàn tán ni Àró ní Abẹ́òkúta, tí ó ní ẹ̀ka fún oògùn olóró, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìlọrin tí ó sún mọ́ yín. NDLEA, àjọ ìjọba tí ó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní ilà ìpè ọ̀fẹ́, 080010203040.

Ohun tí ń ba wá lẹ́rù jù ni ọjọ́ tí yóò padà wálé. Ara rẹ̀ kò ní lè gba ìwọ̀n tàrámádọ́ọ̀lù tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́; bí ó bá gbé iye ti àtijọ́ mì, ó lè kú. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tí yóò tún rí dókítà, kí ẹ sì ti wá owó ọkọ̀ tí yóò gbà Ẹrúkù àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin sílẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa fún un ní oògùn rẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún ẹni tí yóò ní kí ó da oògùn nù, ẹ má sì mú un jẹ́rìí níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́. Ojú á tì í bí ó bá ṣubú lẹ́yìn náà, ìtìjú náà kò sì ní jẹ́ kí ó tètè sọ fún yín.

Ẹ má ta ọ̀kadà náà, nítorí ohun tí yóò fi jẹun lọ́la ni. Ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí dókítà yóò fi ní ó lè gùn ún, nítorí púpọ̀ nínú oògùn ọpọlọ ń kun ènìyàn lóorun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fọwọ́ kan igbó rí, ògógóró nìkan ni, láti àárọ̀ dé alẹ́, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ní òun yóò ti ara òun mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin kí òun fi jáwọ́. Ṣé ó dára? – Àbúrò rẹ̀, Ìyàrá.

ÌDÁHÙN: Rárá, ẹ má jẹ́ kí ó ṣe é. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ó sì ṣẹ́ ẹ lójijì láìsí dókítà, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí gìrì gbé e, kí orí rẹ̀ dàrú láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tibẹ̀ kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó ti jáwọ́, níbi tí wọn yóò ti fún un ní oògùn tí yóò mú ara rẹ̀ balẹ̀ àti fítámì B1. Ẹ sọ fún dókítà pé ìyàwó rẹ̀ kú, kí ẹ sì sọ bóyá ó ti sọ ọ́ rí pé ayé sú òun, nítorí ọ̀fọ̀ náà wà lára ohun tí a ó tọ́jú. Bí ó bá ti dáwọ́ dúró kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kàbà lónìí.