Ilẹ̀ ìrẹsì ni tẹ́lẹ̀: ṣé ewédú lè hù níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi, tó jẹ́ ọmọ Japan, ra ilé àtijọ́ kan ní ìgbèríko gúúsù Chiba, ní Japan. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà tó 200 mítà onígun mẹ́rin. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti tó ọdún méje tí ẹnikẹ́ni ti dáko níbẹ̀. Ewédú àti ilá ló ń wù mí jù. Irú ajílẹ̀ wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó ajílẹ̀ sápò ná. Àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn kí ẹ tó dé ti pò ó, wọ́n ti tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí omi má baà jò lọ, torí omi ni ìrẹsì ń fẹ́. Ohun tó dára fún ìrẹsì yìí gan-an ni yóò jẹ gbòǹgbò ilá yín rà nígbà tí tsuyu, òjò oṣù June sí àárín July, bá dé.

Ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ da omi kún un, kí ẹ lọ sùn. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ fi dígà fọ́ ibi líle tó wà nísàlẹ̀, ẹ la ojú omi yí ọgbà ká, kí ẹ sì kọ ebè gígùn tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan gbogbo 200 yẹn. 20 mítà onígun mẹ́rin tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá rò pé mo ń fojú kéré òun, kó dúró de koríko oṣù July.

Bí ibì kan bá wà tí omi kò fẹ́ kúrò, ẹ gbin kókò síbẹ̀. Satoimo ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ tútù.

Òjò púpọ̀ ti ṣan ilẹ̀ Japan, ilẹ̀ náà sì sábà máa ń kan. Ẹ ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó máa ń kéré sí i bí ilẹ̀ bá ṣe ń kan sí, kò bá tó 6, ẹ bu kudo sekkai, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kíkan ilẹ̀, nǹkan bíi 100 gíráàmù sí mítà onígun mẹ́rin kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin nǹkan.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ń ka òru 88 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, ó sì máa ń bọ́ sí nǹkan bíi May 2. Wọ́n ní ìrì dídì kì í sábà bọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ dúró dè é kí ẹ tó gbin ilá àti ewédú, torí àwọn méjèèjì kórìíra òtútù. Ẹ kí àgbà tó wà ní ilé kejì yín dáadáa, ẹ bi í léèrè ohun tó ń gbìn àti ìgbà tó ń gbìn ín.

Òun náà ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìmàdò fún yín. Wọ́n pọ̀ lápá ibẹ̀, òru kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń hú ebè ànàmọ́ tán. Wáyà oníná ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀: ìlà kan ní 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀, èkejì ní 40. Bí koríko bá fara kan wáyà, iná á rá sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa gé e déédéé.

Bí ìwé bá ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ oko, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní nōgyō iinkai gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di tiyín. Láti April 2023 ni òfin ti fagi lé ìwọ̀n ilẹ̀ oko tó kéré jù tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní, èyí tó ń dí irú yín lọ́wọ́.

Ó ku ewédú. Moroheiya ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, irúgbìn rẹ̀ wà lọ́jà. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú lẹ́yìn ooru, ó máa ń yọ òdòdó, ó sì ń so. Nígbà yẹn, ẹ dẹ́kun jíjẹ ẹ́: májèlé wà nínú èso àti irúgbìn rẹ̀, èyí tó so ló pa màlúù ní Nagasaki lọ́dún 1996. Bí ẹ bá fẹ́ pa irúgbìn mọ́, ẹ dì í, kí ìyàwó yín fi èdè Japan kọ ohun tó jẹ́ sára rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má baà rò pé èlò ọbẹ̀ ni.