Ẹ̀kọ nínú ẹ̀kọ́: ìgbélé, ògì, àti ọmọ tí kì í fi Yorùbá dáhùn

Ìbéèrè (oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà ìgbélé kòrónà)

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú àfaradà kónílé-ó-gbélé yìí o. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi ní Manchester níbí, ọ̀kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èkejì ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ti ilé ìwé pa níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2021 yìí, inú fúláàtì oníyàrá méjì la jọ wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé. Iṣẹ́ òru ni bàbá wọn ń ṣe, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, a ò sì gbọdọ̀ pariwo. Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé ti dáwọ́ dúró. Mo ní kí n máa fi wákàtí kan kọ́ wọn ní ábídí lójúmọ́, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n fàáké kọ́rí. Yorùbá ni mo ń sọ sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn. Ìyá mi pè láti Òṣogbo, wọ́n ní, "Ẹ sọ Yorùbá kí n gbọ́," àwọn méjèèjì dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀.

Ògì inú físà náà ti tán, ọjà tí mo ti ń rà á jìnnà, n ò sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lásìkò yìí. Mo ní àgbàdo funfun gbígbẹ kílò méjì nílé. Mo rẹ ìdajì rẹ̀ sómi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì ó ṣì le, mo lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ rẹ̀ kò ki rárá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
— Ìyá Dámi

Ìdáhùn

Ìyá Dámi, ẹ kú làálàá. Ẹ gbé ábídí tì ná. Ọmọ tó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò tún fẹ́ ẹni tí yóò jókòó tì í kọ́ ọ níwèé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí Yorùbá bá wọlé, ògì tí ẹ ń wá yìí gan-an sì ni iṣẹ́ náà. Nínú òtútù ìlú yìí, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò sì sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tí ọmọ kò ní rí ohun tí yóò wò, tí yóò gbóòórùn, tí yóò sì sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò pọ̀. Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ni ìjọba ń retí fún ọmọ ọdún mẹ́fà, mẹ́rin fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi bírò ṣe lórí ìwé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àwọn méjèèjì èwo nínú kíláàsì wọn ló jẹ́ ojúkojú, èwo ni wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni kó gba kọ̀ǹpútà fún ti ojúkojú láàárọ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù yìí ni CBBC, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n BBC fún àwọn ọmọdé, ti ń fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké hàn fún wákàtí mẹ́ta láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ẹ fi àbúrò síwájú ìyẹn, kí ohùn rẹ̀ má sì ròkè nítorí ẹni tó ń sùn. Ìjáde kan tí ìjọba gbà fún eré ìdárayá lójúmọ́, ẹ fi sí aago kan ọ̀sán. Ìgbà yẹn ni oorun bàbá wọn máa ń wọra jù.

Ó wá kan ògì. Ohun méjì ló ba tẹ̀yin jẹ́: ọjọ́ kò tó, ilé sì tutù. Ọjọ́ méjì tó ń tó ní Òṣogbo, ooru ibẹ̀ ló mú un tó. Nínú ilé tó wà ní digírì 17, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ẹ ṣa òkúta àti àgbàdo tó ti dúdú kúrò, ẹ ṣan kílò kan náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ dà á sínú ike ọlọ́mọrí tó gba tó lítà mẹ́fà, ẹ da omi lítà mẹ́ta lé e. Àgbàdo náà yóò wú, ẹ má wulẹ̀ lo ike kékeré. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìka lè gbà, dára fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má da omi híhó sí i: yóò se ara àgbàdo náà díẹ̀, ẹ̀kọ rẹ̀ kò sì ní ki mọ́, yóò tún pa àwọn kòkòrò aláìfojúrí tó ń mú un kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí bọ́ílà omi gbígbóná wà ló dára jù láti gbé ike sí. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, kì í ṣe sórí rẹ̀, nítorí ooru orí rẹ̀ máa ń mú un rà dípò kó kan.

Ojoojúmọ́ lẹ ó máa pààrọ̀ omi, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n sì nìyẹn. Kó tó dà á nù, kó ka digírì ilé, kó sì pè é ní Yorùbá. Mẹ́rìnlá rọrùn fún un. Mẹ́tàdínlógún ni yóò mú un ronú, torí ogún dín mẹ́ta ni. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan ka digírì, ó ti lóye ìdí tí a fi ń yọ kúrò nínú ogún bí a bá ti kọjá mẹ́rìnlá. Àbúrò ni kó máa gbóòórùn rẹ̀: "Ṣé ó ti ń kan, àbí kò tíì kan?" Ìfófòó díẹ̀ lójú omi kò burú. Bí ẹ bá rí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lójú rẹ̀, tàbí tó ń rùn bí òkú eku, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má ṣàn án. Ó ti ṣe tán nígbà tí ẹ bá fi èékánná tẹ ẹyọ kan tó sì fọ́.

Ọjọ́bọ̀ lẹ ó lọ̀ ọ́, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí bàbá wọn bá jí, torí ariwo blẹ́ńdà kì í ṣe kékeré. Ife àgbàdo kan sí ife omi kan àtààbọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni kó fi yí, kó sinmi fún méjì. Ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Bó bá ti gbóná jù tàbí tó ń rùn bíi wáyà tó ń jó, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ lọ ife kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàdo gúgúrú tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì le jù, ó ń ba ọ̀bẹ blẹ́ńdà jẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà fún gbígbìn kọ́ o, oògùn wà lára rẹ̀.

Asẹ́ tíì ò wúlò, ihò rẹ̀ tóbi jù. Aṣọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun tí ẹ ti fọ̀, tàbí aṣọ ọmọ ìkókó oníhò wẹ́wẹ́ ní ìlọ́po méjì, lẹ ó so mọ́ ẹnu ike. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa dà á lé e, ẹ̀gbọ́n á máa rò ó, àbúrò á máa bu omi sí i, títí omi tó ń jò kò fi ní funfun mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún aṣọ náà dáadáa. Ibi tí ẹnu ti ń là jù nìyí, ọ̀rọ̀ ìṣe kò sì ju méje lọ: rẹ ẹ́, ṣàn án, lọ̀ ọ́, dà á, rò ó, sẹ́ ẹ, fún un. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kó tẹ́tí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn: a ń ní "lọ̀ ọ́", ṣùgbọ́n "lọ àgbàdo"; "dà á", ṣùgbọ́n "da omi". "Sẹ́ ẹ" àti "sẹ́ ògì" kò yí padà. Etí ni yóò fi mú un, kò nílò ìwé. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi dò-re-mí sọ orúkọ oúnjẹ tí ẹ ń ṣe: ẹ̀kọ, dò-re, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, dò-mí, ògì, dò-dò. Wọn yóò rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ bu ife kan nínú omi ògì tí ẹ sẹ́ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n máa fi bírò sàmì sí i ní wákàtí wákàtí, ibi tí funfun dé nísàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Fúráìdè, omi òkè á ti tòrò. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di Sátidé kó lè kan dáadáa, kí ẹ tó ro omi kúrò lórí rẹ̀.

Láti po ẹ̀kọ fún àwọn méjèèjì: ògì ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tó kún fọ́fọ́, omi tútù ṣíbí mẹ́ta, ẹ pò ó títí kò fi ní ní kókó kankan. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan abọ́, torí abọ́ tútù ló ń gba ooru lọ́wọ́ omi, tí ẹ̀kọ á fi máa ṣàn bí omi. Bí kẹ́tù bá ti ń hó lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dà á, ìwọ̀n 400 mìlílítà, ẹ máa rò ó kíákíá. Ẹ̀yin ni kí ẹ da omi, kí àbúrò dúró jìnnà. Bí kò bá ki, inú ìkòkò, iná kékeré, ìṣẹ́jú méjì, ẹ má dáwọ́ rírò dúró.

Bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ má ní "Sọ Yorùbá!" Ẹ tún ohun tó sọ sọ ní Yorùbá, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ má bi í ní "Ṣé o fẹ́ mu ẹ̀kọ?" torí orí lásán ni yóò mì. "Ẹ̀kọ ta ni kí n kọ́kọ́ bù, tìẹ àbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ?" lèyí tí wọn kò lè mirí sí.

Ní ti màmá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má sọ "Ẹ sọ Yorùbá kí n gbọ́" mọ́, kí wọ́n máa béèrè pé, "Kí lẹ ṣe sí ògì lónìí?" Kí ìpè náà jẹ́ ti ohùn nìkan. Bí fídíò bá wà, ike ògì ni ọmọ yóò gbé síwájú fóònù, kò sì ní sọ nǹkan kan. Aago márùn-ún ní Òṣogbo ni aago mẹ́rin wa níbí títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2021 yìí, lẹ́yìn ìyẹn aago wa dọ́gba. Kí àbúrò tó pè, ẹ rán an létí pé "ẹ" ni fún màmá, kì í ṣe "o".

Ògì tó bá kù, ẹ ro omi rẹ̀ dànù, ẹ fi aṣọ fún un kó gbẹ, ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, ẹ wé e lọ́kọ̀ọ̀kan sínú físà. Èyí tí ẹ bá fi sí fíríìjì gbọ́dọ̀ wà nínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èèrí rẹ̀, ẹ má dà á sójú síńkì: yóò di páìpù, àtirí ẹni tí yóò wá tún un ṣe lásìkò ìgbélé kò rọrùn. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú nù.
— Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, Leeds