Ẹ̀yin Ń Béèrè, À Ń Dáhùn: Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Rí Iṣẹ́ Káńsù Gbà?

Àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń sọ, bí èèyàn ṣe lè tajà fún ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kó bá wọn ṣiṣẹ́. Inú mi dùn sí i gan-an ni, torí ojoojúmọ́ ni káńsù ń ra nǹkan, bébà, iná ojú títì, aṣọ iṣẹ́, epo ọkọ̀, iṣẹ́ ìgbálẹ̀, kódà àwọn tó máa kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní kọ̀ǹpútà, owó aráàlú sì ni wọ́n fi ń rà á, kò yẹ kó jẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan lá máa rí i gbà. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gbà wọ́n.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ iṣẹ́ ni mo ń rán, mo sì láwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó wù mí kí n máa rán fáwọn òṣìṣẹ́ káńsù àmọ́ mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé tí n ò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Ṣé òótọ́ ni?

Mi ò ní parọ́ fún yín pé mímọ èèyàn kì í ṣiṣẹ́ níbì kankan, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba iṣẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ ni pé a ò mọ ọ̀nà tí káńsù ń gbà rajà. Ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Bówó ọjà bá ṣe tó ló ń sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Tówó ẹ̀ bá kéré, wọ́n lè kàn rà á tààrà. Tó bá ju ìyẹn lọ díẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọjà rírà máa ní kí bí ilé iṣẹ́ mẹ́ta kọ iye tí wọ́n máa gbà wá, wọ́n á wá mú ọ̀kan níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ owó ńlá, òfin á ní kí wọ́n kéde ẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n wá du ú, ìyẹn ni tẹ́ńdà. Ibi tí wọ́n fa ààlà sí ò dọ́gba láti ìlú kan sí ìkejì, ẹ lọ béèrè ti ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀nà kejì yẹn, ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta, lèmi fẹ́ràn jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sábà kéde ẹ̀, inú orúkọ àwọn tó ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń mú èèyàn, torí náà ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ yín àti ti owó orí dání, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe ní pàtó. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun ń ta "oríṣiríṣi ọjà", wọn ò ní rántí ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá aṣọ iṣẹ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, ojú kan náà ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ìjọba, àtàwọn káńsù, ti ń forúkọ sílẹ̀, Central Supplier Database ni wọ́n ń pè é. Nílùú Ọba, ìkànnì Find a Tender ni wọ́n ń kéde iṣẹ́ ńlá sí, nílẹ̀ Yúróòpù TED ni. Ọ̀fẹ́ lèèyàn ń ka àwọn ìkéde wọ̀nyẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbowó lọ́wọ́ yín torí ẹ̀.

Ẹ tún wá ìwé ìṣúná káńsù yín kà, ìwé aráàlú ni, kì í ṣe ìwé àṣírí. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé lórí lọ́dún yẹn. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ wádìí ọjọ́ tí iṣẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì báyìí máa parí, torí iṣẹ́ tó bá ń parí lọ ni wọ́n máa tún gbé síta, ẹni tó bá ti ń múra sílẹ̀ ní bí oṣù mẹ́fà ṣáájú kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń sáré kiri lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ sì béèrè bóyá òfin ya nǹkan sọ́tọ̀ fún irú yín. Ní Kẹ́ńyà, òfin 2015 wọn ní kí ìdá 30 nínú 100 ọjà tí ìjọba ń rà lọ sọ́wọ́ àwọn obìnrin, ọ̀dọ́ àtàwọn aláàbọ̀ ara, ó sì kan ìjọba àwọn agbègbè wọn náà. Ní Brazil, láti ọdún 2006 lòfin ti wà tó fi iṣẹ́ tówó ẹ̀ ò bá ju 80,000 owó wọn lọ sílẹ̀ fáwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké.

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó lèmi àti ọkọ mi ní. Káńsù gbé iṣẹ́ títọ́jú ọ́fíìsì wọn síta, a kọ iye tiwa, tiwa ló kéré jù, a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí àpòòwé. Ẹni tówó ẹ̀ ju tiwa lọ ni wọ́n gbé e fún. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ta á?

Ìyá wa, ó dùn mí fún yín, torí mo mọ irú àìsùn tó ń wà nídìí kíkọ ìwé yẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣe màgòmágó lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ nǹkan kan wò. Ẹ padà sínú ìwé tẹ́ńdà náà, ẹ wá ojú ewé tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe máa pín máàkì. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú 100, 60 jẹ́ ti bí iṣẹ́ ṣe máa dáa tó, 40 jẹ́ ti owó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tówó ẹ̀ kéré jù ló máa gba 40 yẹn pé, àwọn yòókù, wọ́n á fi owó tiwọn pín owó ẹni tó kéré jù, èyí tó bá jáde ni wọ́n á fi sọ 40 di púpọ̀. Ká wá ní ẹ̀yin kọ 80, ẹnì kejì kọ 100. Ẹ̀yin gba 40, òun gba 32, máàkì mẹ́jọ lẹ fi jù ú lọ níbi owó.

Ó wá kan ti iṣẹ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí òṣìṣẹ́ méjì ò bá wá lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó máa ń yẹ iṣẹ́ wò, àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ti ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ pé "a máa ṣe é dáadáa, ó ti pẹ́ tá a ti wà lẹ́nu iṣẹ́", wọ́n fún yín ní 35 nínú 60. Ẹnì kejì kọ iye òṣìṣẹ́ tó ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó kọ aago tí wọ́n á ti dé, ó so lẹ́tà oníbàárà méjì mọ́ ọn, ó gba 50. Ẹ wá rò ó pọ̀, ẹ̀yin ní 75, òun ní 82. Owó yín ló kéré o, òun ló gbaṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbàbọ̀dè.

Mo dúró lórí èyí torí pé òun ló ń pa àwọn oníṣòwò kéékèèké jù lójú tèmi. A ti gbà lọ́kàn pé kówó ṣáà ti wálẹ̀, a wá gé e títí kò fi ní sí èrè níbẹ̀ mọ́, owó tó bá sì lọ sílẹ̀ jù, káńsù lè ní kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, tí àlàyé ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn wọ́n lè dá a nù. Ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n bi yín, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tò ó. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé béèrè kí gbèdéke tó pé, àwọn káńsù tó ń tẹ̀ lé òfin máa ń fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń du iṣẹ́. Ẹ sì ka gbogbo ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, torí ìbúwọ́lùwé kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbàgbé lè mú kí wọ́n má ka ìyókù rárá, bákan náà ni tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe báyìí ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní máàkì yín àti ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é. Ọ̀pọ̀ òfin ló ní kí ìjọba sinmi díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kéde ẹni tó yege kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn lè sọ tẹnu ẹ̀. Nílùú Ọba, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ ni. Tí máàkì ò bá bá ohun tí wọ́n kọ sínú tẹ́ńdà mu, ìgbà yẹn lẹ lẹ́jọ́ gidi lọ́wọ́ láti gbé síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn.

Àwa ọ̀dọ́ mẹ́ta la ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ju agbára wa lọ. Ṣé ká jókòó síbì kan?

Rárá o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ wò ó bóyá wọ́n pín iṣẹ́ náà sí abala, kẹ́ ẹ du abala kan ṣoṣo. Tí wọn ò bá pín in, ẹ bá ilé iṣẹ́ míì da ọwọ́ pọ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ gbaṣẹ́ lábẹ́ kọngílá tó gbé gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da ọwọ́ pọ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ o, torí tí ẹnì kan bá já iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo yín ni káńsù sábà máa ń mú.

Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní kí n mú ìdá mẹ́wàá wá kóun tó fọwọ́ sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má san án. Àtẹni tó gbà á àtẹni tó fún un lòfin ń mú, wọ́n sì lè yọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín kúrò nínú àwọn tó lè bá ìjọba ṣòwò. Ìdá mẹ́wàá yẹn náà, inú iṣẹ́ lẹ ti máa yọ ọ́, aṣọ á fẹ́lẹ́, títì á tètè bẹ́, aráàlú tó ni owó ló máa jìyà ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ọ̀gá náà.

Wọ́n pè mí lórí fóònù pé kí n gbé àga wá kíákíá, pé ìwé ń bọ̀. Mo gbé e lọ. Oṣù ń gorí oṣù, wọn ò tíì sanwó, wọ́n ní àwọn ò rí ìwé kankan.

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, owó ọmọ ẹni ló há yẹn. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe àṣẹ ọjà níbi tí mo mọ̀. Ìwé àṣẹ ọjà tó ní nọ́ńbà ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀ka ìṣúná mọ̀ pé owó wà fún ọjà yẹn, nọ́ńbà yẹn náà lẹ máa kọ sórí ínfọ́ìsì yín, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó, tí kò bá sí níbẹ̀ orí tábìlì ẹnì kan ló máa dúró sí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ọjà dé, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye tó gbà, kó sì fọwọ́ sí i. Òfin ìṣúná àwọn káńsù ní Gúúsù Áfíríkà ní kí wọ́n sanwó láàárín ọjọ́ 30 tí ínfọ́ìsì bá ti dé ọwọ́ wọn, iye ọjọ́ kan náà ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù tọdún 2011 fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba, àmọ́ ọjọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà tí ínfọ́ìsì ò bá pé.

Ti àga yìí, ẹ wá ẹ̀rí jọ, àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ fi ránṣẹ́, ìwé awakọ̀ tó gbé e lọ, fọ́tò àga náà nínú ọ́fíìsì wọn tẹ́ ẹ bá lè rí i yà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà káńsù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìṣúná àti àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yàn nínú méjì, kí wọ́n ṣe ìwé tó bófin mu fún ọjà náà tàbí kí wọ́n dá àga yín padà, kẹ́ ẹ fún wọn lọ́jọ́. Tí ọjọ́ bá kọjá, ẹ mú gbogbo ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà.