Ẹ wá ènìyàn kẹ́ ẹ tó wá owó

Àbúrò, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jáde níléèwé girama n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́dún 2001 fẹ́ ṣèpàdé ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ti dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀, ẹ ti bu owó lé ara yín, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fèsì. Èmi ni akọ̀wé sẹ́ẹ̀tì tiwa, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù yẹn ló lé wọn. Ẹni tí ò gbúròó yín láti ogún ọdún ó lé, kó wá jẹ́ pé owó aṣọ ẹbí àti nọ́ńbà àkáǹtì ló máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu yín! Kò ní bá yín jà, á kàn rọra yẹra ni. Ọ̀kan nínú tiwa ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Ajé. Orí rẹ̀ pé gan-an nígbà yẹn, òun ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún wa tá a bá ń kàwé alẹ́. A fi sínú gúrúùpù, ó jáde. A tún fi í sí i, ó tún jáde. Mo bá gba ọjà lọ. Ó ń wọn gàrí fún oníbàárà, kò gbójú sókè, ni mo bá pe inagijẹ tá a fi ń pè é níléèwé. Ṣe ni kóńgò dúró sí i lọ́wọ́. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa àpótí kan fún mi. Ìgbà tọ́rọ̀ wọra tán ló ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti ń fi mọ́tò àti ilé han ara yín, kí ni kí n wá wí níbẹ̀?" Kò bínú sí wa. Ojú ló ń tì í. Irú wọn wà nínú sẹ́ẹ̀tì yín, ó dá mi lójú.

Nítorí náà, ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ fohùn pè wọ́n. Àwọn obìnrin ló ṣòro wá jù, torí orúkọ ọkọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ báyìí. Ẹ lọ sí agbolé bàbá wọn, ì báà jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Ìyá àgbà kan á sọ fún yín pé Ṣàgámù ni wọ́n gbé e níyàwó sí. Ẹ tún lọ bá akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín in, ẹni tẹ́ ẹ ń wá lè ti máa bá wọn jókòó tipẹ́. Àwọn tó ti kú ńkọ́? Ẹ rán ẹni méjì sí òbí wọn ṣáájú ìpàdé. Ìyá kan di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí bóyá a ṣì rántí ohùn ọmọ òun.

Ní ti ọjọ́, mo mọ̀ pé Ojúde Ọba, ayẹyẹ ọdọọdún Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ ó máa rò. Lóòótọ́, ó ń kó wa wálé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àmọ́ ẹ má fi í sọ́jọ́ yẹn gan-an. Kálukú ti wà lọ́dọ̀ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà á dí, hòtẹ́ẹ̀lì á kún. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ló dáa, káwọn ará Èkó tó padà. Ẹ má sì tètè tẹ káàdì, torí ọjọ́ Iléyá ń yí padà lọ́dọọdún: June 18 ni Ojúde Ọba ọdún 2024, ti 2025 bọ́ sí June 8.

Ìgbà yẹn lẹ ó tó wá sọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá ní kó dá púpọ̀, kẹ́nikẹ́ni má ka orúkọ ẹni tí ò dá. Kí aṣọ ẹbí má di dandan. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kówó tó jáde, kẹ́ ẹ sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo yín. Ẹni tí ò lówó lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó mú ohun tó ní wá. Onígàrí wa yẹn, òun ló gbé gàrí tá a mu lọ́jọ́ ìpàdé wá, òun náà ló sì ń pín in.