Bàbá Rélùwéè Ń Dáhùn: Gbogbo Ibi Tó Ṣókùnkùn Kọ́ Ni Tọ́nẹ̀lì

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ìbejì mi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin Overground láti Peckham Rye lọ sí Whitechapel. Bí ọkọ̀ bá ti wọ abẹ́ nǹkan tó ṣókùnkùn báyìí, Táíwò á pariwo pé, "Tọ́nẹ̀lì!" Kẹ́hìndé á ní irọ́ ni, afárá ni. Ìjà ni títí a ó fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Kí ló mú tọ́nẹ̀lì yàtọ̀ sí afárá?
— Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìyẹn gbè é. Àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn méjèèjì ló sì jẹ̀bi, torí pé ọ̀nà tí ẹ ń gbà yẹn ní afárá, ó sì ní tọ́nẹ̀lì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ lójú irin nílé. Ìdájí la máa ń jáde pẹ̀lú òòlù, tí a ó máa rìn, tí a ó máa wo bóótì tó de irin àti sílípà tó wà lábẹ́ irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ afárá dáadáa. Afárá Jẹ́bà tó gba orí odò Ọya, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn ín já. Ṣùgbọ́n tọ́nẹ̀lì? N kò wọ ọ̀kan rí àfi ìgbà tí mo wá kí ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Òyìnbó tó la ọ̀nà láti Èkó, tí wọ́n fi dé Ìbàdàn ní 1901, kò dá òkè lu. Ṣe ni wọ́n ń yí i po. Ojú irin wọn kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ààbọ̀ lọ, èyí tó tóóró bẹ́ẹ̀ sì máa ń lè gba kọ́nà tí èyí tó fẹ̀ kò lè gbà.

Ó dáa. Kí àwọn ọmọ bi ara wọn pé: ta ló ń gbé ta? Lórí afárá, ọkọ̀ wà lókè, òfìfo wà nísàlẹ̀, afárá ló gbé ọkọ̀ dání. Ẹ yọ afárá kúrò, ọkọ̀ á já bọ́. Tọ́nẹ̀lì ní tirẹ̀, òun gan-an ni òfìfo. Ilẹ̀ ló yí i ká, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, ilẹ̀ náà sì fẹ́ padà sí àyè rẹ̀. Ẹ yọ bíríkì tàbí kọnkéré tí wọ́n fi tẹ́ ẹ nínú kúrò, ilẹ̀ ni yóò wó lu ọkọ̀ (àfi ibi tí àpáta bá le débi pé ó lè dá ara rẹ̀ dúró). Afárá ń gbé ọkọ̀; tọ́nẹ̀lì ń dá ilẹ̀ lẹ́kun. Òkùnkùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀nà tiyín. Ibi tí ẹ ti ń wọkọ̀ ní Peckham Rye, ẹ gun àtẹ̀gùn kí ẹ tó débẹ̀. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe fi bíríkì tẹ ọrun, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, tí àwọn ọlọ́jà sì ń tajà lábẹ́ wọn. Afárá gígùn ni gbogbo ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìyàngbẹ ilẹ̀ ló gbà, kì í ṣe orí odò. Ṣọ́ọ̀bù abẹ́ rẹ̀ lè ṣókùnkùn bí ihò òkété, kò sọ ọ́ di tọ́nẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí títì bá gba orí ojú irin kọjá. Ojú á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, Táíwò á lọgun. Afárá ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún afárá tó gbé ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní òmíràn fún èyí tó gba orí ọkọ̀ ojú irin.

Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Rotherhithe, kí Kẹ́hìndé panu mọ́. Abẹ́ odò Thames lẹ wà yẹn. Nígbà tí wọ́n ń ro ọ̀nà náà, ọkọ̀ ojú omi olópòó gíga ló kún odò. Afárá tó máa jẹ́ kí wọ́n kọjá yóò ga débi pé gígùn rẹ̀ kò ní ṣe é fẹnu sọ. Ni Marc Brunel, ẹnjiníà tó ṣe ọ̀nà náà, bá ní abẹ́ lòun máa gbà. Ẹ rántí bí àwọn agbẹ́kàǹga ṣe ń ṣe nílé níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀: wọn á gbé ríǹgì kọnkéré kalẹ̀, wọn á máa gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ríǹgì á máa fi ìwúwo ara rẹ̀ rì. Ohun tí Brunel ṣe ní 1825 gan-an nìyẹn. Ó mọ ilé bíríkì róbótó sórí ilẹ̀, tó fẹ̀ tó mítà 15, ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, ilé sì rì lọ.

Láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti dorí kọ òdìkejì. Ó ṣe asà irin ńlá kan tó ní yàrá 36, òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá kan. Oníkálukú á yọ pákó kan níwájú rẹ̀, á gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, á dá pákó padà, á tún yọ ìkejì. Àwọn bíríkìlà ń mọ ọ́n bọ̀ lẹ́yìn wọn. Odò ya wọlé ní 1827. Wọ́n kó àpò amọ̀ dí ihò náà láti ìsàlẹ̀ odò. Ó tún ya wọlé ní oṣù kìíní 1828, ó pa èèyàn mẹ́fà, díẹ̀ ló kù kó gbé Isambard, ọmọ Brunel, lọ. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣí i, ó ti di 1843. Mítà 396 péré ni gígùn rẹ̀! Owó sì ti tán, wọn kò lè ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa gbà wọlé, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń san pẹ́nì kan kọjá. Ní 1869 ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ gba ibẹ̀. Bí ẹ bá dé Wapping, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí àwọn ọmọ wo ẹnu ihò méjèèjì láti orí pèpéle.

Ibì kan ló kù tí mo mọ̀ pé Kẹ́hìndé lè fi mú mi. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1863 ní Lọ́ńdọ̀nù láti Paddington dé Farringdon, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọn kò gbẹ́ ẹ bí òkété ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Títì ni wọ́n là, wọ́n mọ ògiri sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi bíríkì tẹ ọrun bò ó, wọ́n wá da ilẹ̀ padà. Ṣé kì í ṣe afárá tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nìyẹn? Lójú tèmi, tọ́nẹ̀lì ni. Ilẹ̀ ti padà sórí rẹ̀, ó sì ń ti ògiri náà tọ̀sán-tòru.

Ìbéèrè: Bàbá, èwo ló léwu jù nínú afárá àti tọ́nẹ̀lì?
— Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọ̀tá wọn kò dọ́gba. Ìjì ni ti afárá. Ní Scotland, ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 1879, ìjì wó àárín afárá tó gba orí odò Tay nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó yè nínú ọkọ̀ náà. Ìjì kò rí tọ́nẹ̀lì bá jà, èéfín ni tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, nítòsí Balvano ní Ítálì, ọkọ̀ tó ń jó èédú kò lè gun òkè mọ́, ó dúró sínú tọ́nẹ̀lì. Èéfín pa àwọn èèyàn tó lé ní 500. Ọ̀pọ̀ kò jí lójú oorun.

Èmi fúnra mi, afárá ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n máa ń ṣe àyè kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ lè yà sí bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ (inú ògiri ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí ní ti tọ́nẹ̀lì). Mo ti dúró nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ rí, tí ọkọ̀ ẹrù ń kọjá níwájú imú mi, tí irin ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, tí mo sì ń rí omi láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ìbéèrè: Mo wọ ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Paris. Bí a ṣe wọ abẹ́ òkun, etí mi dí. Ṣé omi ló ń tẹ̀ mí?
— Ọmọ Abẹ́òkúta, Manchester

Ìdáhùn: Rárá o. Inú ilẹ̀ ẹfun tó wà lábẹ́ òkun ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà náà sí, omi kò kàn yín. Afẹ́fẹ́ ni. Lórí afárá, afẹ́fẹ́ a máa yà fún ọkọ̀. Nínú tọ́nẹ̀lì kò ríbi yà sí, ọkọ̀ ń tì í lọ níwájú bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ẹwìrì fẹ́ná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò kékeré so ọ̀nà ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ ní gbogbo mítà 250, kí afẹ́fẹ́ lè máa sá bọ́ sí òdìkejì. Ẹ máa gbé itọ́ mì, etí á là. Orógbó lèmi máa ń kì sápò.