Bí mo bá bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró

Ìbéèrè: Màmá Físíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 76, wọn kò sì tíì ṣubú rí. Ṣùgbọ́n bí a bá jọ ń rìn tí mo bi wọ́n léèrè nǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ dúró sójú kan kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Nínú ilé, wọ́n ti ń fọwọ́ ti ògiri lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara àgbà ni, pé kí n sáà ra ọ̀pá fún wọn. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ojú rẹ mú ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ lọ (má sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀). Láti 1997 ni àwọn olùwádìí kan ní Sweden ti kíyè sí i pé àwọn arúgbó tó máa ń dúró bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ ló sábà máa ń ṣubú láàárín oṣù 6 tó tẹ̀ lé e. Bí agbára ẹsẹ̀, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti ń dín kù, ọpọlọ ló kù tí yóò máa ṣọ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá tún já lù ú, kò lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Pé wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ nìkan kọ́ ló ń kọ mí lóminú, bí kò ṣe ìgbésẹ̀ tí kò bára mu. Tẹ̀ lé wọn láti ẹ̀yìn, kí o sì tẹ́tí sí ìró bàtà wọn. Ṣé ó ń lọ déédéé, àbí ọ̀kan ń yá, èkejì ń pẹ́, tí òmíràn tún ń wọ́ nílẹ̀? Wo bí wọ́n ṣe ń yí padà pẹ̀lú: ṣé ìgbésẹ̀ díẹ̀ ni, àbí wọ́n ń ṣí ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó yí tán?

Lẹ́yìn náà, wọ̀n mítà 3 láti ibi àga. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kí wọ́n yí padà wá jókòó. Dúró tì wọ́n o! Bó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣubú ò jìnnà.

Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ lọ rí dókítà. Kó gbogbo oògùn wọn dání, pàápàá oògùn oorun àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ìdùbúlẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde dúró; bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3, ibẹ̀ ni òòyì ti ń wá. Sálúbàtà tí kò ní ìdè lẹ́yìn, gbé e kúrò nílẹ̀ lónìí.

Ní ti ọ̀pá, má tíì rà á. Èyí tí kò bá gíga wọn mu lè gbé wọn ṣubú fúnra rẹ̀. Físíò (oníṣègùn tó ń tọ́jú iṣan àti ìrìn) ni kó wọ̀n ọ́n: bí wọ́n bá dúró, tí apá wọn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí orí ọ̀pá ṣe déédéé ọrùn ọwọ́. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn wọ́n, ọwọ́ òsì ni wọ́n á fi mú un, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mú.